Aginjù Kì í Béèrè Orúkọ: Kí Ni Àwọn Ọmọ Wa Ń Sá Fún Tí Wọ́n Fi Ń Gba Ọ̀nà Òkè Lọ?

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi a mú fóònù kékeré ọwọ́ rẹ̀, a sì gba ọ̀nà ilé ọkùnrin kan tó ń fi jẹnẹrétọ̀ sáàjì fóònù fún ará àdúgbò lọ. Màmá Igbótako ni gbogbo ẹbí ń pè é, nítorí ìlú Igbótako ní ilẹ̀ Òṣóòrò, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ló ń gbé. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó mọ agbègbè náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni iná mànàmáná kò fi tàn ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìkálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí fóònù òun máa ṣiṣẹ́ ní láti sanwó fún un. Màmá kì í pe ènìyàn púpọ̀. Kì í wo fídíò, kò sì mọ bí a ṣe ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́. Síbẹ̀, ó lè fi oúnjẹ alẹ́ du ara rẹ̀ kí owó sáàjì lè pé. Ìdí rẹ̀ ni pé àbíkẹ́yìn rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀kan láti ìlú Agadez, lórí nọ́ńbà kan tó fi 227 bẹ̀rẹ̀. Ó ní ara òun le, òun á tún pè. Ọdún kẹta rèé.

Mo mọ ọmọ náà dáadáa. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, abọ́ kan náà ni a sì ti jọ jẹ púpurú nígbà ìsinmi ilé ìwé. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ààyè, bẹ́ẹ̀ ni yunifásítì wà nítòsí ní Òkìtìpupa. Ó kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, ó gba òmìnira. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wẹ́dà nílò iná, iná kò sí, owó jẹnẹrétọ̀ ńlá kò sì sí lọ́wọ́ ìyá opó. Ó gba ọ̀kadà onílé-ọ̀kadà pé òun á máa fi owó rẹ̀ jíṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òjò kan rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀nà yọ̀, ọ̀kadà ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, ẹ̀rọ sì fọ́. Ẹni tó ni ọ̀kadà ń wá sílé ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sì ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàárín oṣù yẹn gan-an, owó tí kò sẹ́ni tó mọ orísun rẹ̀. Nínú ẹbí, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ fún un. Ní òru ọjọ́ kan, ó jáde nílé láìdágbére. Oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ gbé dè é tutù sórí tábìlì.

Ìrìn yàtọ̀ sí ìsá

Yorùbá ya ìrìn sọ́tọ̀ kúrò lára ìsá. Ẹni tó ń rìnrìn àjò a máa dágbére. A mọ ibi tó ń lọ, a mọ ẹni tí yóò gbà á lálejò, a sì mọ ìgbà tí a óò máa retí rẹ̀. Ìsáǹsá kì í dágbére. Bí ẹ bá bi í pé níbo ló ń lọ, ibi tó ti ń bọ̀ nìkan ló mọ̀ dájú.

Lóde òní, ayé gbogbo ti mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, jápa. A ti lò ó títí ó fi di ọ̀rọ̀ ìdùnnú. A ń sọ ọ́ nípa ẹni tó gba físà, tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí ẹbí sì sìn dé pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú àdúrà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí ni kí ènìyàn já ara rẹ̀ gbà, kí ó sì sá. Àwọn tí kò ní físà, tí kò sì ní tíkẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà wí gan-an. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ, ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀nà òkè sì ni wọ́n ń gbà: Òkè Ọya, lẹ́yìn rẹ̀ Niger, lẹ́yìn rẹ̀ aginjù Sàhárà.

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ yìí, a sábà máa ń sọ pé ebi ló ń lé wọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ilẹ̀ wa ń so gbágùúdá, igi ọ̀pẹ wà, ẹja wà lódò, ó sì ṣòro kí ọ̀dọ́ kan kú fún ebi nínú ilé baba rẹ̀. Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ wọn ni ìtìjú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tí kò ní ohun tí yóò fi hàn ní òde ìsìnkú tàbí ọjọ́ àjọ̀dún mọ ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo òun. Ó ń wá ibì kan tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ rẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò béèrè pé, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe báyìí?" Aginjù sì rèé, kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń fa ọ̀dọ́ mọ́ ọn nìyẹn, ewu rẹ̀ sì nìyẹn pẹ̀lú.

Ọ̀nà Agadez

Láti Òkìtìpupa, a ó dé Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó, sí Bìní àti sí òkè ti ń pàdé. Láti ibẹ̀, ọ̀dọ́ lè dé Kánò kí ọjọ́ kejì tó ṣú. Láti Kánò, wọ́n á sọdá ààlà lọ sí Zinder ní orílẹ̀-èdè Niger, láti Zinder wọ́n á forí lé Agadez. Títí dé ìhín, ìrìn àjò náà kò tíì jọ ohun tó lẹ́rù. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láàyè láti wọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ọ̀pọ̀ ọdún ni Niger sì fi wà nínú ẹgbẹ́ náà kí ó tó jáde pátápátá ní oṣù kìíní ọdún 2025.

Agadez fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú burúkú. Ìlú àtayébáyé ni, níbi tí àwọn oníràkúnmí ti ń kó iyọ̀ Bilma kọjá láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Mọ́sáláṣí ńlá rẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní 1515, ní ilé gogoro kan tí amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, tó ga tó mítà 27. Àjọ UNESCO kọ àárín ìlú náà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2013. Ṣùgbọ́n ojú tí ìsáǹsá fi ń wo ìlú náà yàtọ̀. Lójú tirẹ̀, Agadez ni ẹnu ọ̀nà ìkẹyìn. Lẹ́yìn rẹ̀, títì parí, iyanrìn sì bẹ̀rẹ̀.

Níbẹ̀ ni àwọn afinimọ̀nà ti ń kó wọn pamọ́ sínú àwọn ilé olódi títí iye wọn yóò fi pé. Ọkọ̀ Toyota Hilux ni wọ́n sábà máa ń lò. Ènìyàn bí 25 sí 30 ni wọ́n ń tò sẹ́yìn ọkọ̀ kan, lórí ẹrù àti kẹ́ẹ̀gì omi. Àwọn tó bá jókòó létí a máa ta ẹsẹ̀ síta, wọ́n á sì fi igi tí wọ́n kì bọ àárín ẹrù há itan wọn, kí wọ́n má baà ré bọ́. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, kì í ṣe gbogbo awakọ̀ ló máa ń dúró. Ọ̀nà náà la aṣálẹ̀ Ténéré kọjá lọ sí Dirkou, sí Séguédine, sí Madama ní ẹnubodè, kí ó tó wọ Líbíyà dé Sabha.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, ìjọba Niger ṣe òfin kan tó sọ kíkó àwọn aṣíkiri sọdá di ẹ̀ṣẹ̀. Láti 2016 ni wọ́n ti ń mú awakọ̀, tí wọ́n sì ń gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ wọn. Ète òfin náà ni láti dín ìrìn náà kù, ó sì dín in kù lójú títì. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ tí kò jáwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ọ̀nà tí àwọn ológun ń ṣọ́, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ yẹra fún kànga, nítorí ibi tí kànga wà ni ológun wà. Bí awakọ̀ bá sì fura pé wọ́n ń lépa òun, ó lè já àwọn èrò sílẹ̀ láàárín aginjù kí ó sì sá lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìjọba ológun tó gba àkóso Niger fagi lé òfin náà. Ọ̀nà tún ṣí. Iyanrìn kò sì tíì yí ìwà padà.

Ohun tí aginjù ń ṣe fún ẹ̀dá

Mo sìnrú ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Jígáwá, mo sì dé ọjà Maigatari, lẹ́bàá ààlà Niger, lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà ọyẹ́ ni. Eruku bo ojú ọ̀run débi pé oòrùn ọ̀sán dà bí òṣùpá. Ojú ilẹ̀ tẹ́jú lọ títí, igi kò pọ̀, mo sì ronú pé ibi tí mo rí yìí kò tíì jẹ́ aginjù rárá; etí aṣọ rẹ̀ lásán ni. Èmi tí a bí sí àárín igbó Ìkálẹ̀, tí mo mọ bí a ṣe ń fi igi ọ̀pẹ àti odò mọ ọ̀nà, kò ní mọ ibi tí mo wà níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí.

Àwọn tó mọ Ténéré dáadáa sọ pé igi kan ṣoṣo ló dá dúró níbẹ̀ nígbà kan, tí kò sí igi mìíràn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà yí i ká. Àwọn oníràkúnmí ń fi í mọ ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ ju 30 mítà lọ kí ó tó kan omi. Ní 1973, awakọ̀ kan fi ọkọ̀ ẹrù gbá a, igi náà sì wó. Òkú igi náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey títí dòní. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò: bí igi kan bá ní láti wá omi jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó lè yè, kí ni kẹ́ẹ̀gì omi kan yóò ṣe fún ọmọ ènìyàn?

Ikú inú aginjù kì í ṣe àdììtú. Ọkọ̀ bàjẹ́, omi tán, ọ̀nà sì pòórá. Ooru ọ̀sán ń fa omi ara jáde, òtútù òru kò sì jẹ́ kí ẹni tó ti rẹ̀ sinmi. Atẹ́gùn ń pa ipa táyà rẹ́ ní wákàtí díẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ láti wá ìrànlọ́wọ́ lè má rí ọkọ̀ náà mọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, wọ́n rí òkú ènìyàn 92 ní àríwá Niger, nítòsí ààlà Àlùjíríà: ọmọdé 52, obìnrin 33, ọkùnrin 7. Ọkọ̀ wọn ló bàjẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, wọ́n tún rí òkú 34 nítòsí Assamaka, 20 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ènìyàn 44 kú fún òùngbẹ nígbà tí ọkọ̀ wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀nà láti Agadez sí Líbíyà. Ọmọ Gánà àti ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn. Ìròyìn tí àjọ UNHCR àti àjọ IOM jọ gbé jáde ní 2024 sọ pé láàárín oṣù kìíní ọdún 2020 sí oṣù karùn-ún ọdún 2024, ènìyàn 1,180 ni wọ́n mọ̀ pé wọ́n kú nínú Sàhárà, àti pé iye gan-an yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní orúkọ lórí sàréè. Àwọn kan ti ju ìwé ìdánimọ̀ wọn nù. Àwọn mìíràn sì ti fún awakọ̀ ní orúkọ tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó lọ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ òun mọ́ rí ohun tó wá: ẹni tó rí òkú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó bá sì la aginjù já kò tíì bọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ilé iṣẹ́ ìròyìn CNN fi fídíò kan han ayé, níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú ní gbàǹjo ní Líbíyà bí ẹni ń ta ẹran. Nínú àwọn àgọ́ ìfinisẹ́wọ̀n ibẹ̀, àwọn ọ̀daràn a máa fìyà jẹ ọ̀dọ́, wọ́n á sì gbé fóònù sí i létí kí ìyá rẹ̀ nílé lè gbọ́ igbe rẹ̀, kí ó sì wá owó.

Ọmọ Amẹ́ríkà tó wọ igbó òtútù

Kí a má rò pé ọmọ tálákà nìkan ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí ibi tí ènìyàn kò sí. Ní 1990, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Christopher McCandless gboyè ní yunifásítì Emory ní ìlú Atlanta. Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan bí 24,000 dọ́là, ó fi ta àjọ aláàánú kan lọ́rẹ. Ó pa ọkọ̀ rẹ̀ tì, ó yí orúkọ rẹ̀ padà, kò sì bá ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó rìn kiri Amẹ́ríkà fún ọdún méjì, ó sì wọ igbó Alaska, ní òpin ìhà àríwá, ní oṣù kẹrin ọdún 1992, pẹ̀lú ìbọn kan, ìwé mélòó kan àti àpò ìrẹsì kékeré. Ó sùn nínú bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan tí wọ́n pa tì sínú igbó.

Lẹ́yìn oṣù méjì ó fẹ́ padà wálé. Ṣùgbọ́n odò tó la kọjá nígbà tí omi rẹ̀ kéré ti kún fún omi yìnyín tó yọ́, kò sì lè sọdá. Ohun ìsọdá kan tí okùn irin gbé ró wà lórí odò náà, kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n kò ní àwòrán ilẹ̀ tó péye tí yóò fi mọ̀. Ó padà sínú bọ́ọ̀sì, ó sì kú síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ọmọ ọdún 24. Àwọn ọdẹ ló rí òkú rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí wọ́n kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1996, tí wọ́n sì ṣe fíìmù rẹ̀ ní 2007, àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi bọ́ọ̀sì náà kiri. Méjì nínú wọn rì sínú odò, ọ̀kan ní 2010, ìkejì ní 2019. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n fi hẹlikópítà gbé bọ́ọ̀sì náà kúrò.

Ọmọ yìí sá fún ọrọ̀. Àwọn tiwa ń sá tọ ọrọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ohun tí wọ́n ṣe ṣe jọra: wọ́n jáde láìdágbére, wọ́n pa orúkọ dà, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ọjọ́ tí a óò máa retí wọn. Nítorí pé kò sẹ́ni tó ń retí wọn ní ọjọ́ kan pàtó, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn nígbà tí wíwá ì bá wúlò.

Bí àwọn baba wa ṣe ń wọ igbó

Àwọn baba wa mọ̀ pé ó ń ṣe ènìyàn bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pé kí ó kúrò láàárín ìlú. Ọdẹ ń wọ igbó kìjikìji fún ọ̀sẹ̀ méjì. Akọni inú ìwé D.O. Fágúnwà tó jáde ní 1938 wọ Igbó Irúnmalẹ̀, ó sì padà wá ròyìn. Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í sá wọ igbó. Ó ń sọ fún aya àti fún ẹgbẹ́ ọdẹ apá ibi tí òun forí lé. Bí ọjọ́ bá pé tí a kò rí i, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó lọ sí ìdálẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ló ti lọ sí Òkè Ọya àti sí Góòlù Kóòsì láti ṣòwò láyé àwọn baba ńlá wa. Ẹni tó bá ń lọ mọ orúkọ ará ìlú rẹ̀ tí òun yóò sọ̀ sí lọ́dọ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sì wà níbẹ̀ tó ń gba àlejò. Nígbà tí ìjọba Gánà ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde, ìyà jẹ àwọn ènìyàn wa púpọ̀, ọ̀pọ̀ sì pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n ní. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé tí wọ́n ń padà sí, ilé náà sì mọ̀ wọ́n.

Ètò àgùnbánirọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1973 pàápàá fi èyí hàn. Ó ń rán ọmọ gúúsù lọ sí àríwá, sí ibi tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Èmi náà lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ mi wà nínú ìwé, mo mọ ọjọ́ tí màá parí, ìyá mi sì mọ orúkọ ìlú tí mo wà. Nítorí náà, jíjìnnà sílé nìkan kọ́ ló ń pa ọmọ. Kí okùn tó so ọmọ mọ́ ilé já ni ewu ńlá tó wà níbẹ̀.

Àwọn tó padà dé

Láti 2017, àjọ IOM àti ìjọba Nàìjíríà ti fi bàálù kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wa padà láti Líbíyà. Àwọn òṣìṣẹ́ NEMA ló sábà máa ń gbà wọ́n ní pápákọ̀ òfurufú Èkó. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀dọ́ náà padà sí ìlú tí ìtìjú ti lé e jáde, ìtìjú náà sì ti di ìlọ́po méjì. Ó ti jẹ gbèsè láti lọ, ó sì ti fi ara rẹ̀ gba ìyà tí kò lè sọ. Àwa wá ń pè é ní "Ará Líbíyà" lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Láìpẹ́, ẹ óò gbọ́ pé ó tún ti lọ.

Òwe kan wà tí a fẹ́ràn púpọ̀: ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo kọ́ nípa òwe ní yunifásítì, mo sì mọ̀ pé òwe ní ibi tí a ti ń pa á àti ibi tí a kì í ti pa á. Bí a bá pa á fún olóyè tó fẹ́ ta ìlú rẹ̀, ó bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ń pa á lójoojúmọ́ níwájú ọmọ tí ọ̀kadà rẹ̀ fọ́, ọmọ náà lè gbà wá gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti gbà wá gbọ́, tí wọ́n sì wà lábẹ́ iyanrìn báyìí. Àwọn àgbà kan náà tó pa òwe yẹn ló sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. A ti ń lo ọwọ́ òsì jù.

Kí ni kí ilé ṣe?

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ra fún àfiwé. Bí ẹ bá ń fi ọmọ yín wé ẹni tó ra ọkọ̀ lójijì, ẹ̀ ń sọ fún un pé ibi tí owó ti wá kò já mọ́ nǹkan. Ẹ bi ọmọ yín léèrè gbèsè tó jẹ, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ kí ẹ tó bínú. Gbèsè ọ̀kadà kan kò tó owó ìtúsílẹ̀ kan ṣoṣo ní Líbíyà. Ìpàdé ẹbí kan tí gbogbo wa dá owó sí ì bá ti san án. Èyí ló ń dùn mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ Màmá Igbótako, nítorí pé èmi náà gbọ́ nípa gbèsè náà, mo sì dákẹ́ pé kò kàn mí.

Bí ó bá sú ọmọ láti máa gbé nínú ìlú, ẹ má sọ pé ọ̀lẹ ni. Ẹ bá a wá ibi tí yóò lọ fún ìgbà díẹ̀: ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan ní ìlú mìíràn, abà baba rẹ̀ lóko, tàbí ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tí yóò tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ìsinmi tí a mọ òpin rẹ̀ a máa wo ọkàn sàn.

Bí ó bá ní òun fẹ́ lọ sí òkè òkun, ẹ má kàn kọ̀ fún un. Ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ibùdó ìtọ́nisọ́nà fún ẹni tó fẹ́ ṣíkiri ní Èkó, ní Àbújá àti ní Bìní, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ọ̀nà tó bófin mu. Ẹni tó bá ní kí ọmọ yín má sọ ìrìn àjò náà fún ẹnikẹ́ni, tó ní òun á sanwó fún un kí ó wá fi iṣẹ́ san án padà, ẹ sá fún un. Àjọ NAPTIP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti òwò ẹrú òde òní, ni ẹ lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Bí ọmọ bá sì ti lọ, ẹ má ṣe gégùn-ún. Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà tó bá fi pè sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Bí ẹnikẹ́ni bá pè láti béèrè owó, ẹ má sáré san án kí ẹ tó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tí òun nìkan lè mọ̀. Ẹ mú gbogbo àlàyé náà tọ NAPTIP tàbí ọ́fíìsì IOM lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù yín. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀ lórí.

Bí ó bá sì padà dé, ẹ má bi í pé kí ló mú bọ̀. Ẹ se oúnjẹ fún un. Ilé ni àbọ̀ simi oko, kò sì sí ibi tí òwe náà ti sọ pé kí oko kọ́kọ́ so èso.

Mo lọ kí Màmá Igbótako ní oṣù tó kọjá. Ó gbé àga síta fún mi, ó bu omi fún mi, ó sì béèrè bóyá mo gbọ́ ohunkóhun. Mo ní rárá. Ó mi orí, ó dìde, ó sì wọlé lọ mú fóònù àti owó sáàjì, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú. A jọ rìn lọ síbi jẹnẹrétọ̀ náà. Nígbà tí ọkùnrin náà ki wáyà bọ fóònù, tí iná kékeré rẹ̀ tàn, Màmá dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀ kí a tó padà.

Bí ìwọ tó ń ka èyí bá wà lójú ọ̀nà náà, ní Kánò, ní Zinder, ní Agadez tàbí ní ìkọjá ibẹ̀, jọ̀wọ́ pe ilé. Má dúró de ìgbà tí nǹkan bá dára. Kò sẹ́ni tó fẹ́ béèrè ohun tí o rí kó jọ. Orúkọ rẹ ni wọ́n fẹ́ pè, kí wọ́n sì gbọ́ ohùn rẹ. Fóònù Màmá wà ní títàn.